TA NI OLÓRÍ ILÉ? Ọ̀rọ̀ Felicia Ekejiuba àti ìdí ààrò àwa obìnrin

 

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ mọ fọ́ọ̀mù tí à ń wí. Bí wọ́n bá fẹ́ yá wa lówó, wọ́n á mú un wá. Bí wọ́n bá fẹ́ pín ìrẹsì, wọ́n á mú un wá. Bí ìjọba bá fẹ́ ka ènìyàn, òun náà ni. Ìbéèrè kan kì í sì í wọ́n nínú rẹ̀: ta ni olórí ilé? Ojú ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa, orúkọ bàbá àwọn ọmọ la máa ń kọ síbẹ̀, nítorí bí a ṣe bá ayé nìyẹn, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé a gba ipò ọkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan náà bá dé, orúkọ tó wà lójú ìlà yẹn ni wọ́n máa pè.

Obìnrin kan wà tó ti bá wa ro ìbéèrè yìí débi tó jinlẹ̀, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Felicia Ekejiuba ni. Ọmọ Ìgbò ni, ọ̀mọ̀wé ni, ó kọ́ àwọn ọmọ ní Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Àwa kò ka ìwé púpọ̀, àwọn tó kà á ló là á yé wa, nígbà tó sì yé wa, a rí i pé ọ̀rọ̀ ìsọ̀ wa ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tó kọ́. Ìwádìí bí ọmọ ènìyàn ṣe ń gbé ayé ni. Ẹni tó bá ń ṣe é kì í jókòó sí ọ́fíìsì kó máa ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Á lọ sí àárín ìlú, á bi àgbà léèrè, á wo ẹni tó ń se oúnjẹ àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀, á wo bí wọ́n ṣe ń gbé ìyàwó, bí wọ́n ṣe ń jogún, bí wọ́n ṣe ń dá àjọ, ẹni tí wọ́n ń sá lọ bá bí gbèsè bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Látijọ́, òyìnbó ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà, wọ́n á wá wò wá, wọ́n á lọ kọ ohun tí wọ́n rí bó ṣe yé wọn. Ti Ekejiuba yàtọ̀ ní ti pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé obìnrin ń ṣòwò kó tó mọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí àwa fẹ́ràn jù ni èyí tó gbé jáde ní 1967, nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìtàn ọlọ́jà kan ni. Omu Okwei ni wọ́n ń pe ìyá náà, ará Ossomari, létí odò Ọya, nísàlẹ̀ Onitsha. Wọ́n bí i ní 1872, ó kú ní 1943. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: nígbà tí Ekejiuba kọ ìtàn yìí, kò ju ọdún 24 lọ tí ìyá náà kú, àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú ṣì wà láàyè. Ọdún 1967 yẹn kan náà ni ogun Biafra bẹ̀rẹ̀, Onitsha sì wà lára ìlú tí ogun náà bà jẹ́ jù, ọjà ńlá wọn jóná. Bó bá jẹ́ pé ẹyìn ogun ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa béèrè, ta ni ì bá rí bi? Ẹ̀yin náà ẹ mọ iye ìyá olówó tó ti kọjá ní ọjà tiwa tí kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun nípa wọn, àfi oríkì tí ọmọ ọmọ ń kì díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ ọba ni Okwei, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló sọ ọ́ di olówó. Láti kékeré ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ láàárín àwọn Ígálà pé kó lọ kọ́ òwò. Ohun oko ló fi bẹ̀rẹ̀, iṣu, èso, adìyẹ. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè Ígálà, ẹni tó bá sì ti ná ọjà ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ rí mọ̀ pé èdè nìkan, owó ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí Atani, ìlú mìíràn létí odò náà. Ó fẹ́ ọkùnrin oníṣòwò kan láti Brass, lápá òkun. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Ìgbéyàwó náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ wà níbẹ̀, àti ohun kan tó tún ṣe pàtàkì: ipasẹ̀ ọkọ yìí ló fi mọ àwọn ejẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra epo. Lẹ́yìn náà ó tún fẹ́ ọmọ Aboh kan, ìyá ọkọ rẹ̀ yìí náà sì jẹ́ oníṣòwò ńlá. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ ibí yìí. Ẹlòmíràn á fẹ́ ọkọ, á bá ìyá ọkọ jà. Okwei fẹ́ ọkọ, ó bá ìyá ọkọ ṣòwò.

Òwò tó ṣe rèé. Epo pupa àti ohun jíjẹ ló ń kó wá fún ilé-iṣẹ́ Niger Company, ọjà òkèèrè ló ń gbà padà, ọtí jíìnì, tábà, ìkòkò irin, àtùpà, ìṣáná. Ọjà òkèèrè yìí ni yóò tún pín fún àwọn alágbàtà obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e wọ ìgbèríko, epo ni wọ́n á fi san án. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà rí i pé kì í jẹ gbèsè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà fún un láwìn. Ṣé ẹ rí i? Òun kò ní kọ́ńténà, kò ní ọkọ̀ òkun. Ó ní orúkọ rere lókè, ó ní ènìyàn nísàlẹ̀, àárín àwọn méjèèjì ni owó rẹ̀ wà. Ó kó dé Onitsha, ó rí ilé kọ́, ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó tún ní ọkọ̀ ilẹ̀.

Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí kò dùn mọ́ wa nínú, a ò sì ní fò ó. Ìyá yìí máa ń gba ọmọbìnrin sọ́dọ̀, àwọn kan lára wọn jẹ́ ọmọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Á tọ́ wọn, á kọ́ wọn ní òwò, lẹ́yìn náà á fi wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó lágbára nídìí òwò, títí kan àwọn ejẹ́ǹtì, kí ọ̀nà òwò rẹ̀ lè là sí i. Ẹ̀yin tó gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn ìyá yín mọ ohun tí à ń wí, ó tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Nílẹ̀ tiwa náà, Ẹfúnróyè Tinúbú àti Ẹfúnṣetán Aníwúrà kó ẹrú, bẹ́ẹ̀ la sì ń fi orúkọ wọn yangàn. Ekejiuba kò fi ti Okwei pamọ́, òun ló jẹ́ ká gba àwọn ìyókù tó sọ gbọ́.

Ní 1935 wọ́n fi ìyá náà jẹ Omu, ìyẹn olórí gbogbo obìnrin Ossomari. Oyè náà jọ Ìyálọ́jà tiwa, ó sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Omu ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ó ń dá ẹjọ́ ọjà, ó sì lẹ́nu níwájú ọba. Ṣùgbọ́n àkókò tó jẹ ẹ́ yẹn, àwọn òyìnbó ti gbé ìdájọ́ lọ sí kóòtù wọn, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Oyè wà, agbára rẹ̀ ti ń tán lọ. Wọ́n ṣe ère rẹ̀ sí Onitsha lẹ́yìn tó kú.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí Ekejiuba ṣe. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn nínú ọmọ Nàìjíríà, jọ kọ ìwé ńlá lórí àwọn Aro, àwọn oníṣòwò Ìgbò tí ọ̀nà wọn tàn káàkiri láyé òwò ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀. Dike kú ní 1983, ìwé náà jáde ní 1990. Ẹ ò rí i pé ẹni tó kù ló gbé ẹrù náà délé.

Ní 1995 ó tún kọ̀wé lórí owó, bí owó tó ń yí padà láti 1890 títí dé 1990 ṣe da ìdána àti àwọn ìnáwó ẹbí rú láàárín àwọn Ìgbò. Ẹ rántí pé nílẹ̀ wọn, idẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ẹ̀gbà ọwọ́, manilla, ni wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀. Ní 1948 sí 1949 ni ìjọba òyìnbó kó o kúrò nílẹ̀. Àwa ò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé wa bó ṣe ń rí. A wà níbẹ̀ ní 1984 nígbà tí wọ́n yí àwọ̀ náírà padà. A sì wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó tuntun kò sí, tí wọn kò gba ti àtijọ́, tí tòmátì ń jẹrà lójú wa nítorí pé oníbàárà kò rí owó nawọ́.

Kí á wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù wa. Ní 1975 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe ìpàdé ńlá kan lórí ọ̀rọ̀ obìnrin ní ìlú Mexico. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè tó ń dìde bọ̀, àpò yìí ló di UNIFEM. Ibẹ̀ ni Ekejiuba ti ṣiṣẹ́, lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà. (UNIFEM kò dá dúró mọ́, ní 2010 ni wọ́n pinnu láti dà á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, tó wá di UN Women.) Iṣẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni pé, kí wọ́n tó ná owó sórí ètò kan, àwọn ni wọ́n máa bi pé: ta ló yẹ ká gbé e fún, báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé ó dé ọwọ́ rẹ̀?

Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ wo irú Okwei, kò lè gba ìdáhùn tí wọ́n ń fún un gbọ́. Àwọn aṣètò máa ń sọ pé kí a fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé, lójú wọn, ọkọ, ìyàwó, ọmọ, àpò owó kan, ìkòkò kan, olórí kan. Bó bá sì ti dé ọwọ́ olórí, wọ́n gbà pé ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ekejiuba ní ó rí bẹ́ẹ̀ nílùú òyìnbó bóyá, kò rí bẹ́ẹ̀ lápá ibi tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ìwé kan tí Deborah Bryceson kó jọ ní 1995 lórí àwọn obìnrin tó ń ro oko ní Áfíríkà, ó ní ìdí ààrò ni kí wọ́n máa kà, kì í ṣe òrùlé. Ó tiẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun fún un, hearthhold. Àwa á pè é ní agbo ìdí ààrò.

Kí ni agbo ìdí ààrò? Obìnrin kan ni, ààrò rẹ̀, àti gbogbo ẹnu tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó gbà tọ́ wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó wà níbẹ̀. Ọkọ pàápàá lè wà níbẹ̀, bó bá jẹ́ ìdí ààrò yẹn ló ti ń jẹun. Bóyá ààrò oníyangí mẹ́ta ni o, bóyá àdògán, bóyá sítóòfù tàbí gáàsì, ohun kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan bí àpẹẹrẹ. Alhaji kan ní ìyàwó mẹ́ta. Ìyáálé ń ta epo, ó ní ọmọ mẹ́rin àti ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀. Èkejì ń ta aṣọ, ọmọ méjì. Ìyàwó kékeré ń din àkàrà, ó ní ọmọ mẹ́ta, ó tún gba ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Alhaji ń fún wọn lówó oúnjẹ bí ó bá rí, kò sì lè tó. Lójú oníwèé fọ́ọ̀mù, ilé kan nìyẹn, olórí kan, àpò ìrẹsì kan. Bí a bá ka ìdí ààrò, mẹ́ta ni. Ta ló sì mọ èyí tí ebi yóò kọ́kọ́ wọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Bí ọlọ́pàá bá gbá igbá àkàrà dànù lọ́jọ́ kan, inú agbo kan ni ebi yóò wọ̀, àwọn méjì tó kù ń jẹun. Bí wọ́n bá sì yá Alhaji lówó nítorí pé òun ni olórí ilé, kò sí ohun tó ní kó dé ìdí àkàrà. Ó lè fi ra ọ̀kadà. Ó lè fi fẹ́ ìyàwó kẹrin.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé àpò ọkọ àti àpò aya kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́dọ̀ wa. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. Ìyá wa ní owó òwò tirẹ̀, bàbá wa kì í bá a ka á, bí ó bá tiẹ̀ yá a, ó máa san án ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Òyìnbó tó rí i ní ìjà ló wà nínú ilé. Kò sí ìjà kankan. Ètò ni.

Àwọn ọkọ kan á ka èyí, wọ́n á ní ìwé yìí fẹ́ tú ilé ká. Rárá o. Ekejiuba kò sọ pé ọkọ kò sí. Ó ní agbo ìdí ààrò máa ń wà nínú ilé ọkọ, ọ̀kan nínú èkejì, bí abọ́ tí a kó sínú ara wọn. Ọkọ ni olórí ilé, a ò bá ẹnikẹ́ni du ú. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó ń bọ́ ènìyàn mẹ́fà kò gbọdọ̀ dẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbi kankan.

Ẹ̀rù kan wà tí àwọn àgbà láàárín wa ní, ó sì ní ìdí. Kíkà kì í ṣe ohun tí obìnrin ọjà fẹ́ràn. Ní oṣù November 1929, ní Oloko nílẹ̀ Ìgbò, olóyè ìjọba rán ọkùnrin kan pé kó ka àwọn ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń jẹ́ Nwanyeruwa, ó ní kó ka ewúrẹ́ rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìyá náà bi í pé ṣé wọ́n ka ìyá tirẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló di ogun obìnrin, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá ti kà wọ́n, owó orí ló kù. Ó lé ní 50 obìnrin tí àwọn sójà àti ọlọ́pàá pa. Ní Abẹ́òkúta, láti 1947, àwọn ìyá wa pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jà nítorí owó orí obìnrin kan náà, títí Aláké fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní 1949.

Nítorí náà, bí ìyá àgbà kan bá ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ òun, a ò ní bínú sí i. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé ayé ti yí. Láyé wọn, ẹni tí wọ́n kà ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Láyé tiwa, wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ lọ́wọ́ wa bí wọ́n kà wá, bí wọn kò kà wá. Ẹni tí wọn kò kà ló ń sanwó tí kò sì rí nǹkan gbà padà. Ohun tó yẹ ká máa ṣe ni ká béèrè ìdí tí wọ́n fi ń kà wá kí a tó fọwọ́ sí i, kí ẹgbẹ́ sì ní ìwé tirẹ̀ tó máa fi bá ti ìjọba wé.

Bí fọ́ọ̀mù bá tún dé, ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò lé lórí rèé. Bí wọ́n bá béèrè olórí ilé, kí oníkálukú kọ ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kí ó bi ẹni tó mú fọ́ọ̀mù wá níbo ni òun ti máa kọ orúkọ ẹni tó ń sanwó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé, àti iye ènìyàn tó ń bọ́. Bí kò bá sí àyè fún un, kí ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà, kí ó fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka. Ẹ̀yin opó, àti ẹ̀yin tí ọkọ wọn wà lẹ́yìn odi, ẹ má ṣe kọ orúkọ ẹni tí kò sí nílé. Ẹ kọ tiyín.

A ti ra ìwé kóńtì nílá kan fún ọ̀rọ̀ yìí, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Láti ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ìsọ̀ kan tẹ̀ lé ìkejì, láti ìlà àwọn elépo títí dé ìlà àwọn aláṣọ. Ohun mẹ́ta la ó bi yín: ohun tí ẹ ń tà, ọdún tí ẹ ti wà nídìí rẹ̀, àti iye ẹnu tó ń jẹ ní ìdí ààrò yín. A ò ní béèrè iye owó tó wà lọ́wọ́ yín, ẹnikẹ́ni tó bá sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín ní orúkọ ẹgbẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kí ó rán ọmọ wá.